Etí Rẹ̀ Dà?

“Òwú” ni àkòrí ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwa márùn-ún la jókòó sórí bẹ́ǹṣì mai shayi, ẹni tó ń ta tíì, ní Barnawa ní Kaduna ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọyẹ́ sì ti kun ojú gbogbo wa lẹ́fun bí ẹni tó ti ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ èlùbọ́ bọ̀. Ó wá kàn mí. Mo na fóònù mi sí bàbá onífọ́tò, ọkàn mi balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti gba ìyìn nílé kó tó jáde. Ọmọbìnrin ilé kejì sí tiwa ni mo yà láti ẹ̀yìn. Irun kíkó ló wà lórí rẹ̀, òwú dúdú tí wọ́n fi kó o ń dán, irun náà sì dúró ṣánṣán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí igi inú igbó ọba.

Bàbá fa fóònù náà mọ́ ojú. Ó tún nà án jìnnà títí apá rẹ̀ fi gùn tán. Kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Ó ní, “Etí rẹ̀ dà?”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. “Bàbá, irun ni mo yà o, kì í ṣe etí.”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó na fóònù sí ẹni tó kàn, ó sì gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀.

Ohun tí à ń ṣe kò le láti ṣàlàyé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á mú àkòrí wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: òjìji, omi, àgbà, pupa. Olúkúlùkù á lọ wá fọ́tò kan, ẹyọ kan péré, tó yà láàárín ọ̀sẹ̀ náà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé. Kò sí fọ́tò àtijọ́, kò sí “ẹ jẹ́ n fi mẹ́ta hàn yín kẹ́ ẹ bá mi yàn”. Tó bá di Sátidé, ẹni tó yà á á pa ẹnu mọ́, àwọn yòókù á sì sọ ohun tí wọ́n rí. “Ó dáa” nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ẹni tó bá sọ ọ́ ló máa san owó tíì. Káàkiri ayé làwọn ènìyàn ti ń ṣe irú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, fọ́tò 52, títí ọdún fi yípo. Àwa náà ò dá a sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni ojú tí bàbá yìí fi ń wo nǹkan.

Mai hoto, ìyẹn onífọ́tò lédè Hausa, làwọn ará àdúgbò ń pè é. Nígbà tí fíìmù ṣì lóde, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, yàrá òkùnkùn rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ilé ìyàgbẹ́ lọ. Fíìmù tó ń lò nínú kámẹ́rà ńlá rẹ̀ kì í gbà ju fọ́tò 12 lọ. Ẹ rò ó wò ná: ẹ gbé ìgbà 12 lọ sí ibi ìgbéyàwó tí ìdílé méjì ti ń dúró de kámẹ́rà, ìyá ìyàwó ò sì gbọdọ̀ dijú. Ẹni tó bá gba irú ìdálẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù tèmi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ta ayò.

Mo délé pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Etí kẹ̀! Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé mo ti bá a pàdé níbì kan rí. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ayàwòrán, Stephen Sprague, lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì jókòó ti àwọn onífọ́tò ìlú náà. Ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé tí àgbàlagbà bá wá ya fọ́tò, bó ṣe ń jókòó kò yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì: á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, á la ẹsẹ̀, á tẹ́ aṣọ rẹ̀ kó kún àga, á gbé ọwọ́ lé itan tàbí orúnkún. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ lọ yọ fọ́tò bàbá bàbá yín tó wà lára ògiri pálọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ ó bá etí méjì níbẹ̀.

Ìwé yẹn náà ló sọ̀rọ̀ fọ́tò ìbejì, èyí tí mo kà sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ jù tí onífọ́tò Yorùbá ṣe rí. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, tí àwọn méjèèjì á fi jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé akọ ni ọ̀kan, tí èkejì jẹ́ abo, á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, á yà á, á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, á yà á. Ẹni tó mọṣẹ́ nínú wọn á fi ọwọ́ pa ààlà àárín àwòrán méjèèjì rẹ́ nínú òkùnkùn, títí ojú kò fi ní í rí ibi tí ìyè parí sí. Nígbà tí mo bi bàbá wa bóyá ó ṣe irú rẹ̀ rí, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìyá ìbejì kì í wo bóyá ojú àwọn ọmọ dọ́gba. Ibi tí èjìká méjèèjì ti kan ara wọn ló máa ń kọ́kọ́ wò.

Àríwísí nìyẹn. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: à-rí-wí-sí. Rírí ló ṣáájú, wíwí ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti yí i po, ẹnu wa ti ń sáré kí ojú tó dé ibẹ̀. Àwọn àgbà wa kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ọnà. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn tó mọ ẹwà ère sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tẹ àkójọ rẹ̀ jáde ní 1973, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fún un kò jọ “ó wù mí” rárá. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ gígún àti dídọ́gba, dídán àti tútù. Èyí tó mú mi nínú gbogbo wọn ni ìfarahàn, pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yọ gedegbe, kí ìka má wọnú ìka, kí ìlà ojú má rì sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá tó bi mí léèrè etí kò gbọ́ orúkọ Thompson rí. Kò nílò rẹ̀. Ìfarahàn ló ń bi mí léèrè.

Mo tún wo fọ́tò mi. Lóòótọ́, mo ti dúró sí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà jù, irun àti ọrùn àti kọ́là aṣọ rẹ̀ sì ti dà pọ̀ di odindi òkùnkùn kan. Òwú ni mo sọ pé mo yà, òwú gan-an ni kò sì sẹ́ni tó lè kà. Ká ní etí yọ, ojú ì bá mọ ibi tí orí parí sí, irun ì bá sì rí ilẹ̀ dúró lé.

Fọ́tò tí àwọn yòókù mú wá ní Sátidé yẹn ńkọ́? Dírẹ́bà tó wà láàárín wa lọ sí Kakuri, ó ya ògiri ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 tó sì ti ilẹ̀kùn ní 2002. Ògiri gígùn, koríko gíga, kò sí òwú kankan. A fẹ́ràn èrò náà ju fọ́tò rẹ̀ lọ, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ya ohun tí kò sí mọ́ ní láti wá ohun kan tó ṣẹ́ kù láti yà. (Ọpẹ́ ni pé “Òwú” ni àkòrí, kì í ṣe “Afárá”. Ìlú sójà ni Kaduna, ẹni tó bá gbé kámẹ́rà sókè níbi tí kò yẹ á ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú.)

Ti bàbá ló kẹ́yìn. Télọ̀ àgbàlagbà kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló yà, níbi tó ti ń wá bó ṣe máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà di ojú kan, ó la èkejì. Ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu bíi ti ọmọdé tó ń kọ A, B, D. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òsì, òwú wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àlàfo àárín wọn kò sì ju ìbú èékánná lọ. Ibẹ̀ ni bàbá ti tẹ̀ ẹ́. Èmi ì bá dúró kí òwú wọlé tán, n bá sì padà wálé pẹ̀lú fọ́tò ọkùnrin tó mú abẹ́rẹ́ dání. Bàbá mọ̀ pé tí òwú bá ti wọlé, kò sóhun tí à ń retí mọ́.

Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Òwú funfun náà là kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà, nítorí pé ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó ṣókùnkùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí òwú ń dán: itọ́ ni, télọ̀ ti fi ẹnu pọ́n ọn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì gun orí gbogbo wíwú ìṣan ọwọ́ rẹ̀ bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń gun orí ebè. Dúdú ara ọkùnrin náà kò di èédú, kò sì di eérú. Àwọn tó ń ya fọ́tò á mọ ohun tí mò ń wí. Kámẹ́rà kì í mọ̀ bóyá dúdú ni nǹkan tàbí òkùnkùn ló bò ó. Tí dúdú bá kún ojú rẹ̀, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á wá tan ìmọ́lẹ̀ kún un títí awọ ara á fi funfun bí ti ẹni tí kò fi òróró para nígbà ọyẹ́. Bàbá kò gbà á láyè. Ó fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn, ó jẹ́ kí dúdú dúdú.

A bi í bó ṣe rí i ṣe. Ó ní òun ò sọ fún télọ̀ pé kó ṣe báyìí tàbí báyẹn. Òun kàn mú ṣẹ́ẹ̀tì òun tó ya lọ fún un láti rán ni, òun sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àpótí ìjókòó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí òun lè máa rójú rẹ̀ báwọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni. Òwú funfun sì ni télọ̀ máa fi rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó jókòó tì í fún nǹkan bíi wákàtí kan, ó san owó iṣẹ́, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló tẹ kámẹ́rà.

Ẹnu wa wọhò. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó kéré jù láàárín wa gbé ojú sókè. Ó ti kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ bu oúnjẹ fún àlejò. “Bàbá, ẹ má bínú o. Mo rí nǹkan kan níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà rí i.”

“Sọ ọ́.”

“Búùtà yẹn, sà.”

Lẹ́yìn èjìká télọ̀, nínú igun òkè, búùtà rọ́bà aláwọ̀ ewé kan wà nílẹ̀ nínú oòrùn, ó ń dán yanranyanran. Kò tóbi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti sọ ọ́, kò sẹ́ni nínú wa tí ojú rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ojú á rìn gẹ́gẹ́ lórí òwú, á sì bọ́ sínú búùtà. Bàbá fi àtàǹpàkò bò ó. Ó wò ó. Ó gbé àtàǹpàkò kúrò, ó tún wò ó. “Òótọ́ ni, ọmọ mi,” ó ní. “Òwú ni mò ń wò, mi ò rí búùtà.”

Mo ti jókòó níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń tú iṣẹ́ ara wọn wò, mi ò rí èyí tó tó ìṣẹ́jú yẹn. Ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti tọ́ka àléébù sí iṣẹ́ àgbà lójú ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn kò sọ pé fọ́tò náà ní àléébù. Ó sọ pé búùtà wà níbẹ̀. Ohun tí ojú rí ló gbé kalẹ̀, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti so èso ńlá nílẹ̀ wa rí. Ní 2001, àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò mẹ́rin, Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, Amaize Ojeikere àti Toyin Sokefun tí a mọ̀ sí TY Bello lónìí, lọ sí Bamako fún àjọ̀dún fọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà tó ti wà láti 1994. Wọ́n padà dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀ ní Èkó. Emeka Okereke àti Zaynab Odunsi dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. Ohun tí orúkọ yẹn ń sọ ni ibi tí ojú kámẹ́rà ti ń ríran kedere, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n á kó iṣẹ́ wá, wọ́n á gbé e kalẹ̀, ẹnìkínní á sì máa tú ti ẹnìkejì wò. Nígbà yẹn, onífọ́tò lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè fún ìsọmọlórúkọ. Àwọn wọ̀nyí fi ẹnu ara wọn pọ́n ojú ara wọn. Nígbà tí oníbúrẹ́dì kan ṣèèṣì já wọ inú fọ́tò TY Bello l’Ékòó ní 2016, ojú tó ti gba irú pípọ́n bẹ́ẹ̀ ló dá a mọ̀ pé ohun tó wọlé wá kì í ṣe ìdíwọ́.

Amaize nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ọmọ J. D. ’Okhai Ojeikere ni. Bàbá rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ tó ń fún un ní àkòrí. Òun ló fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan, kò sì gbé e sílẹ̀ fún nǹkan bíi ogójì ọdún. Ilẹ̀ Ẹ̀mái, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, ni wọ́n ti bí i ní 1930. Ó ra kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fíláàṣì ní 1950. Ó kọ lẹ́tà léraléra sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn títí wọ́n fi gbà á sí yàrá òkùnkùn ní 1954. Ó bá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ṣiṣẹ́, ó kọjá sí Èkó ní 1963, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní 1975. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin: lójú títì, níbi iṣẹ́, níbi àríyá. Nígbà tó fi kú ní 2014, irun tó ti yà ń lọ sí 1,000, ayé sì ti rí wọn títí dé Venice.

Èmi tí wọ́n bi léèrè etí, mo padà lọ wo àwọn fọ́tò yẹn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jí ìdáhùn wò. Ó ya ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn bíi tèmi. Nínú àwọn kan, etí méjèèjì yọ ní ọ̀tún àti ní òsì ọrùn, bí ọwọ́ ìkòkò. Mo pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn irun kò sí nǹkan kan: kò sí òdòdó, kò sí àga, kò sí búùtà. Funfun tàbí eérú lásán ni. Síbẹ̀ òwú dúdú kò rì sínú òwú dúdú, o lè ka ìwéwé rẹ̀ lára irun tí wọ́n kó, o lè fi ìka tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n fi òòyà pín. Kò sí ojú obìnrin náà, o sì mọ̀ bó ṣe gbé orí, o mọ̀ pé ó mọ̀ pé irun òun dára. Orúkọ sì wà: Ṣùkú, Star Koroba, Onílé Gogoro. Òun ò fi orí ènìyàn sílẹ̀ láìsọ ohun tí onídìrí pè é. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ju ti ẹni tó kàn ní kámẹ́rà dáadáa lọ: ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni òun ń yà, ó sì dúró sẹ́yìn kí iṣẹ́ náà lè síwájú. Ère lè dúró de ayàwòrán fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Irun kì í dúró.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dìde. Ní Ọjọ́rú, mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì láti bẹ ọmọbìnrin náà pé kó jẹ́ n tún un yà, tetí-tetí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ́ dé,” ó ní. “Mo ti tú u.”

Ó ń lọ sí ìgbéyàwó kan ní Ìlọrin lópin ọ̀sẹ̀, irun mìíràn ló fẹ́ gbé lọ. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ọpọ́n kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òwú dúdú sì kún inú ọpọ́n náà. Òwú yẹn kò nà. Ó ṣì ká kòló-kòló, bí ẹni pé irun ṣì wà nínú rẹ̀, irun díẹ̀díẹ̀ sì há sí i níbi tó ti já. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé ṣálúbàtà pupa kan kúrò lẹ́yìn ọpọ́n náà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ìmọ́lẹ̀ fóònù sẹ́yìn kí dúdú lè dúdú, mo wò ó pẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, “Ilẹ̀kùn” ni àkòrí. Mo mú ilẹ̀kùn wá bíi ti gbogbo ayé, wọ́n tú u wò, ó yẹ kí wọ́n tú u wò. Nígbà táwọn yòókù ń wá ṣéńjì tíì, mo yọ fọ́tò ọpọ́n náà, mo nà án sí bàbá láìsọ nǹkan kan. Ó fà á mọ́ ojú. Ó nà án jìnnà títí apá fi gùn tán.

“Ó ti tú u?”

“Ó ti tú u, bàbá.”

Ó mú un dání títí iná fóònù fi fẹ́ kú, ó fọwọ́ kàn án, ó tún tàn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí nọ́ọ̀sì. “Wá wo eléyìí,” ó ní, “kó o sọ ohun tó o rí.”